Ẹsẹ̀ Fádáre Tó Wú

Ẹsẹ̀ Fádáre wú. Àgbẹ̀ oníṣu ni l'Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ náà wò, ojú ibẹ̀ jin kòtò, kò tètè kún. Ẹ̀rù bà á.

Bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí a há, a fò dìde bí ẹni tó ń rì sódò. Ó wá ń fẹ̀yìn ti ògiri sùn.

"Mo ti tẹ oògùn," ó sọ fún Àdùnní, ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n rì í mọ́ ojú ọ̀nà oko. Ògúnwùmí ni."

Òun àti Ògúnwùmí ló jọ pààlà, wọ́n sì ti jà lórí ààlà náà rí.

"Baba Tóyìn, ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù."

"Wọn kì í fún ẹni tó tẹ oògùn lábẹ́rẹ́. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ó pa ọ̀nà oko tì, ó ń gba orí òkè. Òkè yẹn ga. Lọ́jọ́ kan, kò tíì gùn ún dé ìdajì tí àyà rẹ̀ fi ń lù kìkì, ikọ́ gbé e, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó, ó ń retí ikú.

Ògúnwùmí tó wá gé ọ̀pá iṣu ló bá a níbẹ̀.

"Fádáre! Oko rẹ wà nísàlẹ̀, kí lo wá ṣe lókè? Àbí o ti di ọ̀bọ?"

 Fádáre ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà bó ti ń nà án bọ̀, ó ń fà sẹ́yìn. Ògúnwùmí gbé e pọ̀n sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé wọn dé ọsibítù.

Dókítà obìnrin kan fetí sí àyà rẹ̀.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó ṣe yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ò tọ́jú ló mú kí ọkàn yín rẹ̀. Kò tíì dúró o, àmọ́ kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri bíi tàtẹ̀yìnwá. Omi wá ń rógún sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tí ẹ ó máa lò, ìtọ̀ ni yóò fi gbé omi náà jáde. Ẹ dín iyọ̀ kù. Bẹ́sẹ̀ bá tún wú, tàbí èémí há, ẹ má dúró wò ó, ẹ máa bọ̀."

"Títí dìgbà wo ni n ó lò ó?"

"Títí lọ ni, Bàbá."

Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Ó dijú, ó ń retí kí ẹ̀mí bọ́. Kò bọ́. Ìtọ̀ ló ń tọ̀ ṣáá. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ tó wú rọlẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù ò lọ. Lójú tirẹ̀, oògùn ojú ọ̀nà ìbá sàn. Èèyàn a mọ ẹni tí yóò bẹ̀. Ọkàn tó rẹ̀ ńkọ́, ta la ń bẹ̀ nítorí rẹ̀?

"Gbé oògùn yẹn mì, ká re ulé," Ògúnwùmí ní. "Àbí kí n tún pọ̀n ọ́ ni?"

Fádáre wo hóró oògùn tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́.  Ó fi omi díẹ̀ gbé e mì.