Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Gbé Irin Ròkè

Ìyá wa kì í fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun burúkú sí ọmọ. Bí inú bá tiẹ̀ ń bí i, tó ń fi omorogun lé wa káàkiri àgbàlá, "Olórí ire yìí!" ló máa ń pè wá. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ìyá bá sọ sí ọmọ lára kì í kúrò níbẹ̀. Èmi a sì máa fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kọ́ àwọn ọmọ lísè, ilé ìwé girama, ní físíìsì. Lọ́dún 2011, tí ìbọn ogun ìbò ń dún ní Abobo, àdúgbò wa nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ohun tó gbà á lọ́kàn ni bí a ó ṣe gbé pátákó tó ń gba agbára oòrùn lọ sókè ọ̀run, níbi tí ilẹ̀ kì í ṣú, kó máa fi iná ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ẹrù epo ló ń pa rọ́kẹ́ẹ̀tì lára. Ta ló ń ru ààrò lọ sí ìrìn àjò? Ká fi iná sílẹ̀ nílé, kí ìtànṣán lésà tó lágbára máa ta irin rọ́kẹ́ẹ̀tì náà nídìí, títí afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ yóò fi gbóná, tí yóò bẹ́, tí yóò sì tì í ròkè. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá.

Lọ́jọ́ tí à ń sá lọ sí Biétry, létí ọ̀sà, àwọn ọ̀dọ́ tó dí ọ̀nà ní Abobo Gare tú àpò ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n rí lésà kékeré tó fi ń tọ́ka sí pátákó ìkọ̀wé ní kíláàsì. Lẹ́yìn wọn, táyà ń jó lọ́rùn ọkùnrin kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń mì. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́ka ilé fún àwọn tó ń ju bọ́ǹbù. Ẹni tó gbọ́n ì bá ní ohun ìṣeré ni. Ẹ̀gbọ́n tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gbé irin.

Ìdí ìbọn fọ́ ẹnu rẹ̀. Wọ́n là á ládàá lọ́wọ́, wọ́n wọ́ ọ dé ìdí táyà, wọ́n da epo sí i lórí. Ọ̀gá wọn, tí kò tó àbíkẹ́yìn ìyá wa lọ́jọ́ orí, bi ìyá wa ní Faransé bóyá wèrè ni ọmọ rẹ̀. Ó ní àwọn kì í pa wèrè, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tó bí i.

Ìyá wa fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo bínú sí i débi pé ọwọ́ ń yún mi. Ọ̀kan nínú wọn ṣá iná.

"Wèrè ni," ni ìyá wa wí. "Il est fou. Wèrè ni ọmọ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìpá tì í sí wa.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi san ní Biétry. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ní àràárọ̀ ni ìyá wa ń bu omi tútù sí i lórí, tó ń bẹ Ọlọ́run kó gba ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí i lára padà. Lọ́jọ́ kan, ó rọra bi í pé:

"Olórí ire, báwo tilẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe ń gbé irin?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú kúrò lára ọ̀sà.

"Màámi, ọ̀rọ̀ wèrè nìyẹn."

Ìyá wa padà lọ bu omi mìíràn.