Yèyé Ilé Ògúndípẹ̀

Ọjọ́ kẹtàlélógún lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá Ògúndípẹ̀ ní Ìsọ̀lọ̀-Ọ̀pin ni ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin. Pásítọ̀ sọ ọmọ náà ní Damaris, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì délé, orúkọ yẹn ti di ti inú ìwé. Yétúndé ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Yèyé ni gbogbo agboolé ń pè é. Ògúndípẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í pè é ní ìwọ. "Ẹ" ló ń lò fún un, bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ohun tí oyè yìí mú wọlé ni pé wọn kò na Damaris rí, òun ló sì ń jẹ itan adìẹ lọ́jọ́ ọdún. Ohun tó ná an pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ìlọrin gbà á wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó fi lẹ́tà han bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà kà á tán, ó bú sẹ́kún.

"Yèyé mi, ẹ tún fẹ́ fi mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì?"

Kò sí ẹni tó ní kó má lọ. Kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin agboolé kàn ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ni: "Ẹ ṣàánú ọmọ yín o, Yèyé." Ó ká lẹ́tà náà sábẹ́ ẹní. Lọ́dún kejì, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Adémọ́lá, tí kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni, wọkọ̀ lọ sí Àbújá. Ẹnikẹ́ni kò sunkún.

Olùkọ́ kan láti Ìdọ̀fin wá tọrọ rẹ̀. Ògúndípẹ̀ ní, "Ta ló ń fi ìyá rẹ̀ fọ́kọ?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà bá wọn rín in, kò sì padà wá mọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi gúnyán fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí ojú bàbá fọ́, ó ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ọyẹ́ èṣí ni bàbá kú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Ọlánípẹ̀kun, àbúrò bàbá, tó ti di olórí ẹbí, pe ìpàdé, wọ́n sì pín yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún àwọn ọkùnrin. Yàrá tí Damaris ń sùn kan Adémọ́lá. Táìsì ló fẹ́ tẹ́ síbẹ̀, kó lè máa wá ṣe Kérésì.

Damaris kọjú sí Ọlánípẹ̀kun. "Bàbá, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ?" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìgbà yẹn ni Ọlánípẹ̀kun kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. "Ṣé obìnrin kọ́ ni ọ́? Wá ọkọ fẹ́."

Damaris dìde dúró. "Ìyá yín ló fi owó èlùbọ́ kọ́ ilé yìí. Bí èmi bá jẹ́ òun, èmi ni mo nilé. Bí n kò bá jẹ́ òun, ẹ dá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi padà fún mi."

Adémọ́lá gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Ṣé ẹnì kan dè yín mọ́lẹ̀ ni? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ yàn láti dúró."

Damaris wá ojú ẹni tó máa nàka sí. Bàbá ti kú. Àwọn obìnrin tó bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí ń wo ilẹ̀. Ó wá gbogbo inú ìrántí rẹ̀ fínnífínní, kò rí ẹnu kan ṣoṣo tó sọ pé "má lọ." Èyí dùn ún ju yàrá lọ.

Ọlánípẹ̀kun ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣàdúrà ìparí."

Ìlú Ìlọfà ni Damaris wà báyìí, ó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, ó ń fọ aṣọ ibùsùn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń rán an níṣẹ́ kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Ọmọ dáadáa ni wọ́n.

"Àǹtí Damaris! Àǹtí Damaris, ẹ bá wa gbé omi wá!"

Wọ́n sábà máa ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbórí sókè. Ó máa ń rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè, á máa dúró kí onítọ̀hún dáhùn.