Àmì Ìdí Ọ̀bẹ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Ha Dànù

Mi ò mọ̀ pé ọ̀bẹ méjì tí a fi ń kun àgbò Iléyá nílé wa l'Óṣogbo ni gbogbo ogún tí ìyá mi ní láyé. Bí mo bá mọ̀ ni, ta ni ì bá gbé mi dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà?

Màámi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àìsàn sì ti dá wọn dùbúlẹ̀, kí wọ́n tó tú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, ní Iléṣà. Òun ló rọ àwọn ọ̀bẹ yẹn. Ìjà ló lé ìyá mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n pọ̀n mí, wọ́n mú ọ̀bẹ méjì yẹn, kò sí nǹkan mìíràn. Wọn ò dárúkọ bàbá mi títí wọ́n fi kú. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá sọ ilé nù ló sọ àpò ìyà kọ́. Èmi ò sọ ilé nù o, wọn ò fi hàn mí ni. Lọ bá mi wá a kí n tó kú."

Háà! Láti kékeré, màámi ń jẹ́ orúkọ ọkọ tí ìyá wọn fẹ́ l'Óṣogbo, mi ò sì mọ̀ pé kì í ṣe bàbá wọn. Inú bí mi. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí. Wọ́n ní ojú ló ń ti àwọn. Mò ń sunkún, mo tún ń bínú.

Ọjọ́ kejì, mo fi ìwé ìròyìn wé àwọn ọ̀bẹ náà, mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Wọ́n júwe àgbẹ̀dẹ kan fún mi. Bàbá arúgbó tó ni ín gba ọ̀bẹ kan lọ́wọ́ mi, wọ́n fi èékánná ta á, wọ́n tẹ́tí sí i.

"Iṣẹ́ àdúgbò wa níbí ni," wọ́n ní. Inú mi dùn débi pé mo ti fa fóònù yọ láti pe ilé.

Wọ́n bá gbé ọ̀bẹ súnmọ́ ojú. "Àmì rẹ̀ dà?"

"Àmì kí ni, bàbá?"

Wọ́n ní ilé alágbẹ̀dẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, bákan náà sì ni gbogbo wọn ń rọ ọ̀bẹ. Nítorí náà, olúkúlùkù a máa fa ìlà tirẹ̀ sí ìdí ọ̀bẹ, níbi tó ti wọ inú èèkù. Wọ́n fi ibẹ̀ hàn mí. Ó ń dán bíi jígí.

"Wọ́n ti ha á dànù. Ta ni ọ̀dájú yẹn?"

Èmi ni. Ọ̀rá àgbò máa ń há sínú àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn, ó sì ti sú mi í fọ̀. Nígbà tí Iléyá tó kọjá ku ọ̀la, mo gbé àwọn ọ̀bẹ náà fún wẹ́dà àdúgbò wa pé kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ ha ìlà ìdọ̀tí yẹn kúrò. Ó ha ọ̀kan tán, ó ní ṣé kí òun fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn pé ṣé iṣẹ́ àbọ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́ ni?

Mo jẹ́wọ́ fún bàbá náà, mo sì sọ ohun tí màámi rán mi wá ṣe. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

"Bi màmá rẹ bóyá wọ́n rántí," wọ́n ní. "Bí ìlà bá jẹ́ mẹ́ta, ilé tiwa ni. Bí ó bá jẹ́ méjì, ilé ìsàlẹ̀ ni. Mẹ́rin ni ti àwọn tó ti tú ká." Mo wo ojú bàbá náà títí. Ó lè jẹ́ ẹbí màámi ni mò ń wò.

Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Màámi gba ọwọ́ mi, wọ́n fi ìka fa ìlà sí àtẹ́lẹwọ́ mi: ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Wọ́n dúró. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu ẹ̀kẹta, wọ́n tún fà á.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i," wọ́n ní. "Mi ò kà á rí." Wọ́n bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń pa mí lẹ́kún, pé mi ò kúkú mọ̀.

Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi lọ. Lọ́jọ́ àdúrà òkú wọn, ááfà bi mí pé ọmọ ta ni kí òun pè wọ́n. Mo ní ọmọ alágbẹ̀dẹ Iléṣà ni. Ááfà ní kí n dárúkọ. Gbogbo ẹbí ń wò mí.

Mo dárúkọ ọkọ tí ìyá wọn fẹ́ l'Óṣogbo.