Ọjọ́ tí ìyá wa ní kí wọ́n má fún mi ní dọ́bù

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ti darúgbó, síbẹ̀ ẹnu ṣì ń yà mí! Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Tí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kí ẹ bá wí o.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú Ọ̀jọ́ òde òní, tí mọ́tò àti ọ̀kadà kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ràn, ẹ ò lè mọ Ọ̀jọ́ tiwa láàárín 1950 sí 1960. Igbó-Elérin tí ilé kún fọ́fọ́ lónìí yìí, igbó gidi ni nígbà yẹn. Ọ̀nà tóóró kan ló gba inú ẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni èmi àti ìkejì mi máa ń gbà lọ sílé ìwé, tí a sì máa ń gbà bọ̀.

Ìbejì ni wá. Èmi ni Táyé, obìnrin. Kẹ́hìndé ni ìkejì mi, ọkùnrin. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé èmi tí mo kọ́kọ́ jáde ni àbúrò, pé Kẹ́hìndé ló rán mi wá tọ́ ayé wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: ẹni tó kọ́kọ́ dé ibì kan, ṣé òun kọ́ ni àgbà ibẹ̀? Bí mo ṣe máa ń bá ìyá wa jiyàn nìyẹn. Wọ́n á ní kí n máa bọ̀wọ̀ fún Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi? Kí n máa pe ẹni tí a jọ pín oyún kan ní ẹ̀gbọ́n? Láéláé!

Nílé ìwé wa, bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tí orí ẹ̀ pé ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ kò le rárá. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí a tó lọ sílé, tíṣà á ní kí gbogbo kíláàsì dìde dúró. Mẹ́ńtà dé nìyẹn! Ìṣirò orí ni, kò sí síléètì, kò sí ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sókè, tó sì gbà á, á gbé báàgì ẹ̀, á máa lọ. Ẹni tó bá kù sẹ́yìn pátápátá, òun ló máa gbálẹ̀.

Hẹdimásítà wa gba mẹ́ńtà gbọ́ ju ìdánwò lọ. Wọ́n ní èèyàn lè wo ìwé ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wo orí ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń kọ́kọ́ jáde jù lọ láàárín ọdún ni wọ́n máa ń fún ní dọ́bù, ìyẹn ni pé á fo kíláàsì kan.

Ta ló máa ń kọ́kọ́ jáde? Èmi ni o! Tíṣà ò ní tíì panu dé tí ọwọ́ mi á ti wà lókè. Tí mo bá ti jáde báyìí, ìbéèrè tó tẹ̀lé e, Kẹ́hìndé ló máa gbà á, á sì jáde bá mi. Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà á ní bí wọ́n ṣe wáyé náà ni wọ́n ṣe ń lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyé níwájú, Kẹ́hìndé lẹ́yìn, kí ló tún kù níbẹ̀?

Ọjọ́ ìparí ọdún dé, àwọn òbí wá láti Ọ̀jọ́, láti Ìba, títí dé Okokomaiko. Hẹdimásítà dìde, wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n ní èmi ni mo gba dọ́bù. Pàtẹ́wọ́ sọ! Mo gbé àyà síwájú bí àkùkọ. Ni mo bá rí ìyá wa tí wọ́n dìde láàárín àwọn òbí. Mo rò pé ijó ni wọ́n fẹ́ jó.

Ìyá wa ní rárá o.

Ẹ gbà mí! Ìyá tó bí mi lọ́mọ!

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìbejì ni wọ́n. Ohun tí a bá ṣe fún Táyé, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún Kẹ́hìndé. Tí ẹ ò bá lè gbé àwọn méjèèjì, ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀."

Hẹdimásítà ṣàlàyé títí. Wọ́n ní ìwé kì í ṣe ẹ̀wà ìbejì tí èèyàn ń bù sínú àwo méjì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ìyá wa ò rín. Èmi ti ń sunkún ní tèmi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sáré jáde, ṣé bó ṣe máa lọ nìyẹn?

Nígbà tó yá, hẹdimásítà ní kó dáa, kí Kẹ́hìndé bọ́ síwájú. Àwọn máa bi í ní mẹ́ńtà. Tó bá gbà á, kí àwa méjèèjì máa lọ. Tí kò bá gbà á, Táyé nìkan ló ń lọ, kí Ìyá Ìbejì má sì bínú. Ìyá wa gbà.

Kẹ́hìndé wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Hẹdimásítà bi í pé tí ọkọ̀ ojú omi kan bá kó òkìtì àgbọn méje, tí méjìlá wà nínú òkìtì kọ̀ọ̀kan, àgbọn mélòó ló kó? Mo ti mọ̀ ọ́n, mo kàn fi eyín di ahọ́n mú ni. Kẹ́hìndé ò fọhùn. Ó kàn ń wò mí. Wọ́n bi í ní òmíràn, kò fọhùn. Ojú tì mí fún un, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ pé dọ́bù mi ò ní bọ́ mọ́.

Ìgbà yẹn ni ìyá wa tún sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Táyé bọ́ síta ná. Nílé, Kẹ́hìndé kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi tí Táyé bá ti bu òkèlè àkọ́kọ́. Ojú ẹ̀ ló ń wò."

Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Mo lọ dúró sábẹ́ igi àgbọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Hẹdimásítà tún ìbéèrè àkọ́kọ́ bi í.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, sà."

Wọn ò tíì bi í tán o! Wọ́n bi í ní èkejì, ó gbà á. Ẹ̀kẹta, ó gbà á. Hẹdimásítà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì òkè. Mo ṣì ń ka ìka lábẹ́ igi níta, Kẹ́hìndé ti dáhùn nínú ilé! Mo na ọrùn wo inú fèrèsé. Ṣé Kẹ́hìndé yìí náà ni? Kẹ́hìndé tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan?

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, hẹdimásítà ti bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n bi Kẹ́hìndé léèrè ìdí tí kò fi nawọ́ ṣáájú rí.

Ó ní, "Sà, wọ́n ní èmi ni ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá kọ́kọ́ lọ, Táyé lè kù sẹ́yìn. Ta ló máa wá bá a gba Igbó-Elérin kọjá? Mo máa ń jẹ́ kó jáde ná, kí n tó tẹ̀lé e."

Hẹdimásítà mi orí títí. Wọ́n ní àwọn náà ọmọ Yorùbá ni, àwọn mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló ń rán Táyé ṣíwájú, àmọ́ àwọn ò rò ó dé inú kíláàsì. Wọ́n fún àwa méjèèjì ní dọ́bù. Mẹ́ńtà ọjọ́ Ẹtì ò yí padà, ṣùgbọ́n láti ọdún tó tẹ̀lé e, tó bá kan ọ̀rọ̀ dọ́bù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lóun nìkan, wọ́n á bi í jẹ́jẹ́, wọ́n á sì dúró dè é.

Ṣé inú mi dùn? Inú bí mi o! Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo ń yan gbà kọjá, ẹnì kan ló ń dì í mú fún mi, mi ò sì mọ̀. Nígbà tí ìbínú lọ, ẹkún ló kù.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ ní kíláàsì tuntun, tíṣà ní kí a dìde fún mẹ́ńtà. Ó béèrè, mo mọ̀ ọ́n, mo ti gbé ọwọ́ dé ìdajì. Mo wẹ̀yìn, Kẹ́hìndé ń wò mí, ó ń dúró. Mo bá sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé dáhùn, ó gbé báàgì ẹ̀, ó jáde. Nígbà tí èmi náà máa fi jáde, ẹnu ọ̀nà Igbó-Elérin ni mo ti bá a. Kò tíì fẹsẹ̀ kan inú igbó.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ tó kọ́kọ́ dé òkè kọ́ ni gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú kíláàsì. Ọmọ tó dákẹ́ yẹn, ẹ bi í léèrè ohun tó ń dúró dè. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ṣé ọmọ kan wà tí ẹ rò pé kò mọ nǹkan kan, tó wá yà yín lẹ́nu? Ẹ sọ tiyín sísàlẹ̀, à ń kà á.

Kẹ́hìndé náà ń kà á o. Ó jókòó tì mí níbí, irun orí ẹ̀ ti funfun bí òwú. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ó máa fún yín lésì báyìí. Ó ń dúró kí n kọ́kọ́ fèsì ná.