Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Lórí Bíréèkì

Ní ọjọ́ tí a sin ìyàwó mi, Ìyá Ìjọ wa jẹ́rìí èké lórí pósí rẹ̀. Ó dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó kọjú sí àwọn èèyàn, ó ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa. Arábìnrin wa tó sùn yìí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bí obìnrin Hébérù ló ṣe bí i. Ọ̀bẹ kò kàn án, òwú kò kàn án." Ìjọ hó yèè. Ó wá nawọ́ sí obìnrin kan tó jókòó láàárín àwọn akọrin, tí oyún rẹ̀ ti yọ síwájú. "Ìwọ tí dókítà ń fi abẹ dẹ́rù bà, ṣé ò ń gbọ́? Àpẹẹrẹ rẹ ló wà níwájú wa yìí."

Ìyá Ìjọ jù mí lọ, ó sì yẹ kí n máa kọ "wọ́n" fún un. Ọwọ́ mi kọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyàwó mi. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìbímọ, ọmọ náà sì ti wọ yunifásítì báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó jẹ́ lọ́jọ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀, mo sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ìyá mi ni.

Ìyá mi ni ìyá àgbẹ̀bí ìjọ náà. Wọ́n ní ilé àgbẹ̀bí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn obìnrin láti Erunmu àti àwọn abà ìtòsí ti ń fi àdúrà àti omi bímọ. Nígbà tí ìyàwó mi lóyún, wọ́n gbààwẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì sọ fún gbogbo ayé pé yóò bí wẹ́rẹ́. Àmọ́ ọsibítù la forúkọ sílẹ̀ sí. Nígbà tí ó rọbí títí tí ọmọ kò wá, dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá yè, ọmọ yè. Èmi rò pé ẹ̀rí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà tí ìyá mi dìde nínú ìjọ, tí wọ́n dúpẹ́ pé ìyàwó ọmọ àwọn bímọ láìjẹ́ kí ọ̀bẹ kàn án. A kò mọ̀ títí tí àwọn obìnrin ìjọ fi wá kí wa. "Ẹ kú ewu o! A gbọ́ pé bí ẹní mu omi ni!" Ìyàwó mi wò mí. Ó fa aṣọ ìbora sókè dé àyà.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni màá sọ òótọ́ rẹ̀ níwájú pẹpẹ.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Bí ẹ bá sọ ọ́, ta ni yóò tún gbé oyún wá bá Màmá? Iṣẹ́ wọn nìyẹn, òun náà ni gbogbo ọlá tí wọ́n ní. Èmi ni mo ni ikùn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Mo fi sílẹ̀, nítorí òun ló ni ikùn lóòótọ́.

Nínú ilé wa, òun ló ń wa ọkọ̀. Ojú mi kò dára láti kékeré. Ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń gbé mi láti Alakia lọ síbi iṣẹ́ mi ní ọ̀nà Moniya, òun sì ń wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni ní Erunmu. Bí mo bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ládùúgbò a máa kí mi pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ìjókòó o! Ibo ni Máàmù ń gbé yín lọ lónìí?" Mo máa ń juwọ́ sí wọn. Kò dùn mí. Ó mọ ọkọ̀ wà ju gbogbo wọn lọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù, ó bi dókítà, obìnrin bíi tirẹ̀, ìgbà tí òun lè padà sídìí ọkọ̀. Dókítà ní kí oṣù kan àbọ̀ kọ́kọ́ kọjá ná, kí òun tún yẹ ojú abẹ náà wò. Ó wá fi kún un pé, "Mo mọ̀ pé o lè jókòó, o sì lè yí sítíárì. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá já lu títì ni mò ń rò. Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá lè tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì, kí ikùn má dá a dúró, má wa ọkọ̀."

Ìyàwó mi sọ gbólóhùn yẹn fún mi ní àsọtúnsọ, bí olùkọ́.

Oṣù kan kò tíì pé tí Ìyá Ìjọ fi dé pẹ̀lú obìnrin méjì. Ọdọọdún ni àwọn ìyá àgbà ń lọ gbàdúrà lórí òkè kan lẹ́yìn Erunmu, ìyàwó mi ló sì máa ń gbé wọn lọ. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n jó fún un, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìjọ ní, "Ìyàwó wa, orí òkè kù sí dẹ̀dẹ̀ o. Àwọn ìyá àgbà ti ń béèrè ọkọ̀ wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ara mi ò tíì yá dáadáa."

"Ara kí ni? Ẹni tó bí wẹ́rẹ́! Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọjọ́ kẹta tí mo bí àkọ́bí mi, oko ni mo wà tí mò ń ṣa ẹ̀kùrọ́."

"Ẹ má dá àwọn olùkọ́ lóhùn, ẹyin ni wọ́n," ọ̀kan nínú àwọn yòókù ní. "Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí wọn, wọ́n á sán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ, bá wọn rẹ́rìn-ín, wọn kò sì wo ojú mi.

Mo ní kò ní wa ọkọ̀ kankan.

"Háà, Bọ̀ọ̀dá! Ọkọ̀ tí ẹ ò mọ̀ ọ́n wà, ẹ tún fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́?" Ẹ̀rín yẹn pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá mi kúnlẹ̀ fún ìyàwó mi. Mo rí i. Obìnrin tó bí mi wà lórí eékún rẹ̀ méjèèjì níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, wọ́n ti ń wò mí. Wọ́n ti ń bi ara wọn bóyá òótọ́ ni ẹ̀rí tí mo jẹ́. Gbé wọn débẹ̀ péré, kí o sì padà." Ìyàwó wo ni ìyá ọkọ rẹ̀ yóò kúnlẹ̀ fún nílẹ̀ wa, tí yóò ní òun kò ṣe? Ó sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fà wọ́n dìde, ó ń ní, "Ẹ dìde Màmá, ẹ dìde, mo ti gbọ́," mo sì rí ojú rẹ̀ bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá nà án lẹ́gba, ojú rẹ̀ kò ní fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo bá wọn lọ. Mo jókòó sí iwájú, ìyá mi àti àwọn ìyá àgbà méjì wà lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń kọrin. Ìyàwó mi ti ká tówẹ̀lì sáàárín ikùn rẹ̀ àti bẹ́líìtì. Gbogbo kòtò tí a bá bọ́ sí ló ń gba ara rẹ̀ kọjá. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí i, nítorí kò dá orin tí ó ń bá wọn gbè dúró.

Nígbà tí Erunmu kù díẹ̀, ọ̀kadà kan tó di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn já láti ọ̀nà oko, ó gba iwájú wa. Mo rí ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ó gbé e. Ó gbé e dé orí bíréèkì, ikùn sì dá a dúró. Ó yí sítíárì, ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó gun òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá títì, ó kú síbẹ̀. Ọlọ́kadà náà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni àwọn ìyá àgbà ń pariwo. Ọ̀kan ní àwọn ọ̀tá ni, ó ní òun ti lá a lálàá.

Ìyàwó mi fi ọwọ́ méjèèjì di ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ti ń là kọjá lára ìró rẹ̀. Ìyá mi nawọ́ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ti bọ́ ìborùn wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi di ojú ọgbẹ́ náà ni. Wọ́n tẹ́ ẹ lé e nítan, wọ́n tún etí rẹ̀ ṣe kí ó bo ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì wẹ̀yìn wo àwọn ìyá àgbà bóyá wọ́n ti rí i.

Ìborùn yẹn ni mi ò tíì dárí jì.

Ọkọ̀ mìíràn ló gbé wa padà sí ọsibítù. Wọ́n tún un rán, ó sì pẹ́ kí ó tó jiná. Nínú ìjọ, wọ́n sọ pé ọ̀tá fẹ́ gba ẹ̀mí àwọn ìyá àgbà, Ọlọ́run kò gbà.

Kò sí ẹni tó tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ ní fàráńdà, mo rí i tó jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà wa. Ó yí kọ́kọ́rọ́, àmọ́ ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ tàn, ó kú, ó tún tàn. Ó ń tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ni, bí ẹni tí ewúrẹ́ já lu, ó sì ń tẹ́tí sí ikùn rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ púpọ̀. Nígbà tí ó wa ọkọ̀ jáde níkẹyìn, ìparí àdúgbò ló lọ, ó yí padà, ó fọn fèrè fún wa lẹ́nu géètì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé àwọn ìyá àgbà lọ sórí òkè. Mo bínú. Ó ní, "Ta ló máa wá gbé wọn?"

Gbogbo èyí ló wà lọ́kàn mi nígbà tí Ìyá Ìjọ nawọ́ sí obìnrin aboyún náà. Ìyá mi jókòó sórí ìjókòó iwájú, wọ́n ti gbó, wọ́n ń mi orí. Ikùn ti di ti ilẹ̀. Mo dìde.

Mo ní, "Abẹ ni wọ́n fi bí ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ gbé àpá rẹ̀ kiri títí tó fi kú, òwú wọlé lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin, ohun tí dókítà bá sọ fún ọ ni kí o ṣe."

Ìyá Ìjọ ní, "Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀," ó sì dá orin. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa dé ilé, ìyá mi ní, "O bó mi sí ìhòòhò níwájú òkú."

Nígbà tí àwọn tó ń wá kẹ́dùn ti dínkù, ọkọ̀ kòròpé kan dúró lẹ́nu géètì wa. Obìnrin aboyún náà ló sọ̀ kalẹ̀ nídìí sítíárì, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ẹ má bínú. Kòròpé yìí ni mo fi ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé, òun ni mo fi ń jẹun." Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá la inú rẹ̀ kì í lè wa ọkọ̀ mọ́. Ìgbà wo ni ìyàwó yín tún padà wa tiwọn?"

Mo fún un ní àga. Mo sọ ti dókítà àti ti ewúrẹ́, ti tówẹ̀lì, ti òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́. Ó ní kí n tún ti bíréèkì sọ, mo tún un sọ.

"Ta ló wà níta yẹn?" ìyá mi pè láti inú yàrá.

"Ẹni tó fẹ́ mọ bí ìyàwó mi ṣe bímọ ni, Màmá."

Obìnrin náà dágbére, ó padà sínú kòròpé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tètè lọ. Mo dúró sí fàráńdà. Iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tàn, ó kú, ó tún tàn.