Bíà Ewúro Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Bú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Madamu Rósàlì, tó ní ilé ọtí létí òkun ní Fidjrossè, wá tọ́ bíà mi wò, ahọ́n mi sì ti kú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń pọn ọtí ní Akpakpa, Ṣéfù ni wọ́n sì ń pè mí. Ọkà bàbà la fi ń pọn tiwa. Ewúro ló ń fún un ní ìkorò, dípò òdòdó gbígbẹ tí àwọn òyìnbó ń lò. Ẹni tó bá sì ń tọ́ ewúro wò láàárọ̀ lálẹ́ fún oṣù kan kò ní mọ ìkorò mọ́. Ká ní ẹ fún mi ní àgbo ibà nígbà náà, n óò ní kí ẹ bù sí i.

Ọ̀gá mi, tó ni ilé ìpọntí wa, ti sọ ọ́ gbangba: bí Madamu bá kọ̀ ọ́, a óò pa bíà ewúro tì, omi atalẹ̀ oníṣúgà la óò máa rọ sí ìgò. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀ ọtí yìí!

Mo bá lọ yá ẹnu ẹlẹ́nu. Mo pe aládùúgbò méjì: Bàbá Rẹ̀mí káfíńtà, àti Tantí Bẹ́lá tó ń ta ẹja yíyan, ẹni tí ẹnu rẹ̀ lè bó ìpẹ́ ẹja láìlo ọ̀bẹ. Mo ní ó parí nìyẹn.

Bàbá Rẹ̀mí mu ún. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, omi sì lé ròrò síbẹ̀.

"Báwo ni?"

"Ó dùn, Ṣéfù. Ọlọ́run á bù sí i."

"Bàbá, ẹ̀ ń sunkún."

"Ayọ̀ ni."

Mo yíjú sí Tantí. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ bú u."

"Èmi? Kí n jókòó sílé ẹni, kí n gba ife lọ́wọ́ ẹni, kí n wá ní kò dùn? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní Pobè tí wọ́n ti bí mi. Ó dùn!"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú wọn. Lọ́dọ̀ àwa Nàgó, a kì í bú ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú ẹni. Èmi náà ti jẹ ẹ̀wà olókùúta nílé àna mi, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gùnfẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kì í pọn bíà!

Ní ọjọ́ kejì mo tún bu bíà kan náà fún wọn, mo sì parọ́. Mo ní ọkùnrin kan ní Sèmè ló pọn ọ́n, pé ó fẹ́ wá gba oníbàárà mọ́ wa lọ́wọ́.

Tantí tọ́ ọ wò, ó tu ú dà nù. "Yéè! Wọn ò tilẹ̀ fọ ewúro ọ̀hún! Ṣé ewúrẹ́ ló fẹ́ tà á fún ni?"

Bàbá Rẹ̀mí ní, "Ó korò ju ẹnu onílé mi lọ. Olórí burúkú wo ló pọn èyí?"

"Ẹ máa wí, Bàbá."

"Àfi kó jẹ́ pé onítọ̀hún ò ní ahọ́n lẹ́nu!"

Wọ́n bú mi fún ìdajì wákàtí. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo ń dúpẹ́. Ó dùn mí, kí n má tún purọ́ fún ẹ̀yin náà.

Mo da odindi àgbá yẹn nù. Nígbà tí mo máa tún un pọn, mo fọ ìdajì ewúro náà bí ẹni tó fẹ́ fi se ọbẹ̀, mo fún un títí ìfófòó rẹ̀ fi tán. Ìdajì yòókù ni mo sè láìfọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí Madamu dé, mo bu ife kan fún un, mi ò lè wò ó lójú. Ó mu. Ó ní, "Ó dùn, Ṣéfù."

Mo ní, "Madamu, mo bẹ̀ yín, èmi kọ́ ni àna yín. Ẹ bú u!"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ó ṣì korò díẹ̀ bó bá ń lọ lọ́nà ọ̀fun. Ẹ dín in kù, kí ẹ máa gbé àpótí mẹ́wàá wá fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dín in kù jù o. Ìkorò yẹn náà ni mo wá rà."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń pọn ọtí, kò tíì sẹ́ni tó yìn mí tó bẹ́ẹ̀.