Ikùn Bàbá Mi, Ikùn Tèmi

Káfíńtà ni bàbá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Èkó, ó sì kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀ nígbà tí oko ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ràn oúnjẹ gan-an. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ iyán kù sínú abọ́, a rò pé ọjọ́ orí ni. Nígbà tó yá, ó ní òkèlè ń há òun láyà. Lẹ́yìn náà, ògì pàápàá kò dúró nínú rẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo mú un lọ sí ọsibítù. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí bọ̀ ọ́ lọ́fun, wọ́n sì gé díẹ̀ lára ohun tí wọ́n rí lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti gba ẹnu ọ̀nà ikùn rẹ̀, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Dókítà, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ṣàlàyé fún mi pé iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, pé ká máa bá a dín ìrora kù ló kù.

Mo ti dìde kí n máa lọ nígbà tó bi mí bóyá inú máa ń run èmi náà. Mo ní ó máa ń run mí, ọ́lsà ni, oníkẹ́mísì kan ní Ìkòtún ló máa ń fún mi lóògùn rẹ̀. Ó ní kí n wá kí àwọn wo inú mi, torí irú àìsàn yìí máa ń jà nínú ẹbí nígbà mìíràn.

Wọ́n rí i lára mi náà. Àmì pupa kan ni, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Dókítà ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, pé kò tíì kọjá awọ inú ikùn, nítorí náà àwọn ò ní là mí níkùn rárá. Ẹnu ni rọ́bà náà máa gbà wọlé. Wọ́n á fa omi sábẹ́ awọ ibẹ̀ kó lè wú sókè, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ kékeré tó wà lórí rọ́bà bó o kúrò.

Mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ti bàbá mi náà ti kéré báyìí rí?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti kéré báyìí rí."

Orí àga gbọọrọ ní pálọ̀ ni bàbá mi dùbúlẹ̀ sí nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní kí n fi ibẹ̀ han òun. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ikùn mi. Ó rọra fi ìka tẹ ibẹ̀ wò.

"Wọ́n lè yọ ọ́?"

"Wọ́n lè yọ ọ́, Bàbá."

"Alhamdulillah," ló wí, ó sì bú sẹ́kún. Kò sunkún nígbà tí wọ́n sọ tirẹ̀ fún un.

Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí mo jí lójú oorun tí wọ́n fi oògùn kùn mí, ọ̀fun ń dùn mí, dókítà sì ní gbogbo rẹ̀ ti jáde. Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè láti mu ògì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ayọ̀bọ̀, mo di ikùn mú ní gbogbo ojú ọ̀nà gbágungbàgun yẹn. Bàbá ní kí n mu ògì mi níwájú òun. Mo kọ̀, torí omi lásán kò lọ lọ́nà ọ̀fun tirẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Mu ún níbí, ọmọ mi. Jẹ́ kí n rí i."

Mo mu ún. Bí mo ṣe ń gbé e mì ni gògóńgò tirẹ̀ náà ń lọ sókè sódò.

Ó kú kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà la sin ín.

Mo ṣì máa ń padà lọ kí wọ́n yẹ inú mi wò, ó sì mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ẹgbẹ́dá ni kò tíì lọ. Ó ní ara òun le, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá nǹkan kan nínú òun. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́.